Ralph Bunche

Ralph Johnson Bunche (tí ó kú ní ọjọ́ 9 Oṣù Kejìlá ọdún 1971) jẹ́ onímọ̀ ìṣèlú, olùkọ́ yunifásítì àti òṣìṣẹ́ àgbà Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ọmọ orílẹ̀-èdè Amẹ́ríkà. Òun ni ènìyàn dúdú àkọ́kọ́ tí ó gba Ẹ̀bùn Nobel fún Àlàáfíà. Ọdún 1950 ni wọ́n fún un, nítorí ipa tí ó kó nínú dídá ogun dúró láàárín Ísírẹ́lì àti àwọn orílẹ̀-èdè Lárúbáwá tí ó yí i ká. Iṣẹ́ yẹn ni ọ̀pọ̀ ènìyàn fi mọ̀ ọ́n. Ṣùgbọ́n iṣẹ́ tí ó gba èyí tí ó pọ̀ jù nínú ọdún rẹ̀ ni dídá ikọ̀ ọmọ ogun olùṣọ́ àlàáfíà sílẹ̀ àti dídarí wọn láti New York. Kóńgò ni iṣẹ́ náà ti le jù lọ fún un. Ó dé ibẹ̀ ní ọjọ́ márùn-ún ṣáájú òmìnira ní ọdún 1960, ó sì ń bá ọ̀ràn orílẹ̀-èdè náà yí títí tí ọmọ ogun Àjọ náà tí ó kẹ́yìn fi kúrò níbẹ̀ ní 1964.

Ìgbà èwe àti ẹ̀kọ́

Ìlú Detroit ní ìpínlẹ̀ Michigan ni wọ́n bí i sí, ní ọjọ́ 7 Oṣù Kẹjọ. Àwọn àkọsílẹ̀ kò fẹnu kò lórí ọdún náà: àwọn kan sọ pé 1903 ni, àwọn mìíràn sọ pé 1904 ni. Onígbàjámọ̀ ni Fred, bàbá rẹ̀. Olive, ìyá rẹ̀, fẹ́ràn orin púpọ̀. Bunche ṣì kéré nígbà tí àìsàn mú kí ẹbí náà ṣí lọ sí Albuquerque ní New Mexico, nítorí wọ́n gbà pé afẹ́fẹ́ gbígbẹ ibẹ̀ yóò bá àwọn òbí rẹ̀ lára mu. Kò rí bẹ́ẹ̀. Ìyá rẹ̀ kú ní 1917, ìyá-ìyá rẹ̀, Lucy Taylor Johnson, sì kó òun àti Grace àbúrò rẹ̀ lọ sí Los Angeles.

Inú oko ẹrú ni wọ́n bí ìyá àgbà yìí sí. Bunche gbà títí ọjọ́ ayé rẹ̀ pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni òun ti kọ́ bí ènìyàn ṣe lè kọ ìwọ̀sí láìjẹ́ kí ìkorò gba ọkàn òun. Kò pẹ́ tí ẹ̀kọ́ náà fi wúlò. Ní ilé-ẹ̀kọ́ gíramà Jefferson, òun ni ó ṣe ipò kìíní, síbẹ̀ ẹgbẹ́ ọlọ́lá fún àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tí ó yege jù lọ ní ìlú náà kò gbà á wọlé nítorí pé aláwọ̀ dúdú ni. Ó wọ Yunifásítì California ní Los Angeles, ó ń gbá bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ó sì ń gba ilẹ̀ ilé-ẹ̀kọ́ láti rí owó tí yóò máa ná. Níbẹ̀ náà, ipò kìíní ni ó fi parí ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní 1927. Harvard fún un ní ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́, ṣùgbọ́n kò ní owó ọkọ̀ àti ti oúnjẹ. Àwọn aláwọ̀ dúdú Los Angeles ni ó dá 1,000 dọ́là jọ kí ó lè lọ.

Ní 1928 ó bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ olùkọ́ ní Yunifásítì Howard, ilé-ẹ̀kọ́ gíga àwọn aláwọ̀ dúdú ní Washington, òun sì ni ó dá ẹ̀ka ìmọ̀ ìṣèlú sílẹ̀ níbẹ̀. Ó fẹ́ Ruth Harris ní 1930. Ọmọ mẹ́ta ni wọ́n bí: Joan, Jane àti Ralph kékeré.

Dàhòmì àti Tógò

Ní 1932 ó rìnrìn-àjò lọ sí Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà láti wá ohun tí yóò fi kọ ìwé oyè ọ̀mọ̀wé rẹ̀. Ó yan Dàhòmì, tí í ṣe orílẹ̀-èdè Benin lónìí, ilẹ̀ tí Kétu, Sábẹ̀ àti Àjàṣẹ́ wà nínú rẹ̀, ó sì fi Tógò tí ó bá a pààlà ṣe àfiwé rẹ̀. Faransé ni ó ń ṣàkóso méjèèjì, ṣùgbọ́n ọ̀nà tí wọ́n gbà bọ́ sí i lọ́wọ́ yàtọ̀ síra. Ogun ni Faransé fi gba Dàhòmì. Tógò ti wà lábẹ́ Jámánì rí. Lẹ́yìn Ogun Àgbáyé Kìíní, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè tí ó wà nígbà náà fi apá tí ó pọ̀ jù nínú rẹ̀ síkàáwọ́ Faransé, pé kí ó máa tọ́jú rẹ̀ fún ire àwọn ọmọ ibẹ̀, kí ó sì máa jíyìn lọ́dọọdún. Ìbéèrè Bunche kò lọ́jú: ǹjẹ́ ìjíyìn yìí mú ìyàtọ̀ kan wá sí ayé ará Tógò ju ti ará Dàhòmì lọ? Ohun tí ó rí ni pé ìyàtọ̀ náà kéré jọjọ. Irú òṣìṣẹ́ ìjọba kan náà ni ó ń ṣàkóso níhìn-ín àti lọ́hùn-ún, ìlànà kan náà ni wọ́n sì ń tẹ̀ lé. Ìwé ìròyìn ọdọọdún tí a fi ránṣẹ́ sí ìlú Òyìnbó kò kan alágbàro tí ó wà nínú oko.

Harvard fún un ní oyè ọ̀mọ̀wé ní 1934. Òun ni aláwọ̀ dúdú àkọ́kọ́ ní Amẹ́ríkà tí ó gba oyè náà nínú ìmọ̀ ìṣèlú. Lẹ́yìn èyí ó ka ìwé sí i ní London, níbi tí Jomo Kenyatta ti kọ́ ọ ní èdè Swahili, ó sì dé Gúúsù Áfíríkà àti Ìlà-oòrùn Áfíríkà. Nígbà tí Ogun Àgbáyé Kejì bẹ́ sílẹ̀, ìjọba Amẹ́ríkà nílò ẹni tí ó mọ Áfíríkà, àwọn tí ó mọ̀ ọ́n bí i ti Bunche kò sì pọ̀. Ọ̀nà yẹn ni ó gbà kúrò ní yàrá ìkẹ́kọ̀ọ́.

Ní San Francisco ní 1945, nígbà tí a ń kọ ìwé òfin Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé, ó wà lára àwọn tí ó ṣiṣẹ́ lórí orí tí ó sọ̀rọ̀ nípa àwọn ilẹ̀ tí kò tíì gba òmìnira. Ìwé òfin náà fún Àjọ ní agbára láti rán àwọn aṣojú lọ fi ojú ara wọn wo bí nǹkan ṣe ń lọ ní àwọn ilẹ̀ àgbàtọ́. Ẹni tí ó bá ti ka ìwé rẹ̀ lórí Tógò yóò mọ ìdí tí èyí fi ṣe pàtàkì lójú rẹ̀. Ọdún kan lẹ́yìn náà, Trygve Lie, Akọ̀wé Àgbà àkọ́kọ́, pè é wá sínú Àjọ láti bójú tó àwọn ilẹ̀ wọ̀nyí, kò sì kúrò níbẹ̀ mọ́ títí tí ikú fi sún mọ́ ọn.

Rhodes àti Ẹ̀bùn Nobel

Ní 1948, ogun bẹ́ sílẹ̀ láàárín orílẹ̀-èdè Ísírẹ́lì tuntun àti àwọn aládùúgbò rẹ̀. Àjọ náà rán Folke Bernadotte, ọmọ Swídìn, gẹ́gẹ́ bí onílàjà, Bunche sì ni igbákejì rẹ̀. Wọ́n kó àwọn ọ̀gá ológun láti oríṣiríṣi orílẹ̀-èdè jọ láti máa ṣọ́ bóyá àwọn ajà náà pa àdéhùn mọ́. Bunche ni ó ṣètò ìlànà iṣẹ́ wọn, ìlànà náà sì le: wọn kò gbọdọ̀ gbé ohun ìjà. Ìgbà àkọ́kọ́ nìyí tí Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rán ológun lọ sí ojú ogun láìjẹ́ pé wọ́n wá jagun.

Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kẹsàn-án, àwọn ọmọ ẹgbẹ́ ajàjàgbara Júù kan yìnbọn pa Bernadotte ní Jerúsálẹ́mù. Bunche bọ́ sí ipò rẹ̀. Ní Oṣù Kìíní 1949, ó pe àwọn aṣojú Íjíbítì àti Ísírẹ́lì jọ sí òtẹ́ẹ̀lì kan ní erékùṣù Rhodes. Ohun kékeré ni ó kọ́kọ́ ní kí wọ́n fọwọ́ sí, bí i ètò ọ̀rọ̀ tí wọn yóò sọ, kí ọwọ́ wọn lè mọ́ ìfọwọ́sí kí wọ́n tó dé ibi tí ọ̀rọ̀ gbóná. Ó ti ní kí àwọn amọ̀kòkò erékùṣù náà ṣe àwo tí yóò fi ta àwọn aṣojú náà lọ́rẹ nígbà tí wọ́n bá parí. Ó fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ pé bí wọn kò bá rẹ́, orí wọn ni òun yóò ti fọ́ ọ. Íjíbítì fọwọ́ sí àdéhùn ní ọjọ́ 24 Oṣù Kejì, Lẹ́bánónì tẹ̀ lé e ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e, Jọ́dánì ní Oṣù Kẹrin, Síríà ní Oṣù Keje.

Àdéhùn ìdáwọ́dúró ni wọ́n, wọn kì í ṣe ti àlàáfíà, ọ̀ràn àwọn ará Palẹ́stínì tí ó sá kúrò nílé sì wà nílẹ̀ láìyanjú. Síbẹ̀, ìbọn dákẹ́. Nígbà tí a kéde Ẹ̀bùn Nobel ní 1950, Bunche kọ́kọ́ fẹ́ kọ̀ ọ́, nítorí ó gbà pé òṣìṣẹ́ Àjọ kì í ṣe àlàáfíà láti gba ẹ̀bùn. Lie ni ó ní kí ó gbà á. Ní àkókò kan náà, ó kọ ipò igbákejì akọ̀wé ọ̀ràn ilẹ̀ òkèèrè tí Ààrẹ Truman fi lọ̀ ọ́. Kò fẹ́ kó ìyàwó àti ọmọ padà sí Washington, ìlú tí a ti ń ya aláwọ̀ dúdú sọ́tọ̀ ní ilé-ẹ̀kọ́ àti ní ilé oúnjẹ. Ní 1954, ìgbìmọ̀ kan tí ń wádìí ìṣòtítọ́ àwọn òṣìṣẹ́ sí ìjọba Amẹ́ríkà pè é wá jẹ́jọ́ pé ó ti bá àwọn kọ́múníìsì rìn rí. Wọ́n dá a láre, ṣùgbọ́n ẹni tí ó ti gba ẹ̀bùn àlàáfíà fún gbogbo ayé ni ó jókòó síwájú wọn.

Àṣíborí aláwọ̀ búlúù

Nígbà tí Britain, Faransé àti Ísírẹ́lì kọlu Íjíbítì ní 1956 nítorí ojú omi Suez, Lester Pearson ti Kánádà dábàá pé kí a fi ọmọ ogun Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé rọ́pò wọn. Dag Hammarskjöld, Akọ̀wé Àgbà kejì, gbé iṣẹ́ náà lé Bunche lọ́wọ́. Láàárín ọjọ́ mélòó kan ó ní láti rí orílẹ̀-èdè tí yóò fún un ní ọmọ ogun, ọkọ̀ òfurufú tí yóò gbé wọn, àti ohun tí wọn yóò jẹ. Aṣọ ogun àwọn kan nínú wọn jọ ti Britain tó bẹ́ẹ̀ tí a fi bẹ̀rù pé ará Íjíbítì lè yìnbọn fún wọn, nítorí náà a kun àṣíborí ní àwọ̀ búlúù ti àsíá Àjọ. Láti ọjọ́ náà ni àwọ̀ yìí ti di àmì wọn.

Òfin tí òun àti Hammarskjöld fi lélẹ̀ nígbà náà ni a ń tẹ̀ lé lọ́nà púpọ̀ títí di òní. Orílẹ̀-èdè tí a ń lọ gbọ́dọ̀ gbà kí wọ́n wá. Wọn kò gbọdọ̀ gbè sẹ́yìn ẹnikẹ́ni. Wọn kò gbọdọ̀ yìnbọn àyàfi láti gba ara wọn là. Ní Íjíbítì, níbi tí ìjọba ti dúró ṣinṣin tí ààlà sì hàn kedere, òfin yìí ṣiṣẹ́. A kò tíì dán an wò ní ibi tí ìjọba fúnra rẹ̀ ti ń túká.

Kóńgò

Hammarskjöld rán Bunche lọ sí Léopoldville, tí í ṣe Kinshasa lónìí, láti wà níbi ayẹyẹ òmìnira ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹfà 1960, kí ó sì dúró díẹ̀ láti bá ìjọba tuntun sọ̀rọ̀ nípa ìrànlọ́wọ́. Ọjọ́ 25 ni ó gúnlẹ̀. Joseph Kasavubu ni ààrẹ, Patrice Lumumba ni olórí ìjọba. Ohun tí Bẹ́ljíọ̀mù fi sílẹ̀ fún wọn kò tó nǹkan. Nínú gbogbo orílẹ̀-èdè náà, àwọn ọmọ Kóńgò tí ó ti gba oyè yunifásítì kò tó 30, kò sì sí ọ̀kan tí ó jẹ́ dókítà ìṣègùn. Ọmọ ogun tí ó tó 25,000 ni wọ́n ní, ṣùgbọ́n Òyìnbó Bẹ́ljíọ̀mù ni gbogbo ọ̀gá ológun. Ohun tí Bunche ti kà nínú fáìlì ní Dàhòmì àti Tógò ní ọdún 28 sẹ́yìn ni ó wá bá lójú pópó yìí: ilẹ̀ tí a ṣàkóso láìmúra ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ fún àkóso.

Ọjọ́ márùn-ún péré ni òmìnira pé tí àwọn ọmọ ogun fi dìtẹ̀ mọ́ àwọn ọ̀gá wọn. Àwọn Òyìnbó bẹ̀rẹ̀ sí í sá, wọ́n sì fi ilé ìwòsàn, ọkọ̀ ojú irin àti pápákọ̀ òfurufú sílẹ̀ láìsí ẹni tí yóò mú wọn ṣiṣẹ́. Àwọn sójà tí ó dìtẹ̀ wọ òtẹ́ẹ̀lì tí Bunche wọ̀ sí, wọ́n sì na ìbọn sí i. Bẹ́ljíọ̀mù dá ọmọ ogun rẹ̀ padà láìgba àṣẹ lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni, ó ní òun wá dáàbò bo àwọn ènìyàn òun. Ní ọjọ́ 11 Oṣù Keje, Moïse Tshombe kéde pé Katanga, ìgbèríko tí bàbà ti ń jáde, tí ọ̀pọ̀ owó orílẹ̀-èdè náà sì ti ń wá, ti yapa. Lọ́jọ́ kejì, Kasavubu àti Lumumba tẹ wáyà sí New York pé kí Àjọ náà gbà wọ́n.

Ìgbìmọ̀ Ààbò gbà ní ọjọ́ 14. Kí ọjọ́ méjì tó pé, ọmọ ogun Tùnísíà ti ń sọ̀ kalẹ̀. Gánà, Mòrókò àti Etiópíà tẹ̀ lé wọn. Bunche, tí kì í ṣe ológun, ni ó di adelé ọ̀gágun wọn títí tí Carl von Horn ti Swídìn fi dé. Ó ń fi yàrá òtẹ́ẹ̀lì darí ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn tí èdè wọn kò papọ̀. Lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn sójà, Àjọ náà wá àwọn tí yóò máa darí ọkọ̀ òfurufú ní pápákọ̀, àwọn dókítà, àti àwọn olùkọ́, tí ọ̀pọ̀ nínú wọn wá láti Haiti. Apá iṣẹ́ yìí kì í pọ̀ nínú ìtàn tí a ń sọ nípa Kóńgò, bẹ́ẹ̀ òun ni ó mú kí aláìsàn rí ẹni tọ́jú rẹ̀.

Ìjà àkọ́kọ́ tí Bunche jà, àárín ilé ni. Henry Alexander, ọ̀gágun ọmọ ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí ó ṣáájú ikọ̀ Gánà wá, fẹ́ gba ìbọn lọ́wọ́ àwọn sójà Kóńgò tí ó dìtẹ̀. Bunche kọ̀. Ó ní ìjọba Kóńgò ni ó pè wọ́n, wọn kò sì ní àṣẹ láti gba ohun ìjà lọ́wọ́ ọmọ ogun ẹni tí ó pè wọ́n wá. Alexander kò dẹ́kun láti máa sọ pé àṣìṣe ńlá ni, nítorí àwọn ìbọn náà ni a fi da orílẹ̀-èdè náà rú ní oṣù tí ó tẹ̀ lé e. Àwọn méjèèjì ni ọ̀rọ̀ wọn ní ìdí: ọ̀kan wo ààbò, èkejì wo òmìnira tí kò tíì pé oṣù kan.

Lumumba fẹ́ kí àwọn Bẹ́ljíọ̀mù lọ kíákíá. Ní ọjọ́ 17, òun àti Kasavubu fi ìwé lé Bunche lọ́wọ́ pé bí wọn kò bá tíì lọ ní ọ̀gànjọ́ òru ọjọ́ 19, àwọn yóò pe Sófíẹ́tì. Nígbà tí oṣù náà yóò fi di ọjọ́ 23, wọ́n ti kúrò ní agbègbè Léopoldville. Ó ku Katanga.

Ní ọjọ́ 4 Oṣù Kẹjọ, Bunche fò lọ sí Élisabethville, olú-ìlú Katanga, láti ṣètò bí ọmọ ogun Àjọ yóò ṣe wọlé. Tshombe, tí àwọn ọ̀gá ológun Bẹ́ljíọ̀mù dúró sí ẹ̀yìn rẹ̀, sọ fún un pé ìjà ni yóò pàdé wọn. Ọmọ ogun Àjọ kéré, àṣẹ wọn kò sì gbà wọ́n láàyè láti fi ipá wọlé. Bunche tẹ wáyà sí Hammarskjöld pé kí wọ́n dá a dúró ná, Hammarskjöld sì gbà. Bóyá ẹ̀rù lásán ni Tshombe fi ń bà wọ́n, ìyẹn kò hàn lọ́jọ́ náà. Ohun tí ó hàn ni pé bí òótọ́ bá ni, àwọn sójà tí a kọ́ pé kí wọ́n má yìnbọn ni ìbọn ìbá kọ́kọ́ pa, Àjọ náà ìbá sì di apá kan nínú ogun abẹ́lé. Ìpinnu náà bá òfin tí Bunche fúnra rẹ̀ ti fi lélẹ̀ ní Suez mu. Ṣùgbọ́n òun ni ó ba àárín Àjọ àti Lumumba jẹ́. Nígbà tí Hammarskjöld wá kó àwọn ọmọ ogun Swídìn wọ Katanga ní ọjọ́ 12, tí ó sì bá Tshombe sọ̀rọ̀ láìjẹ́ pé ó kọ́kọ́ rí Lumumba, olórí ìjọba náà gbà pé wọ́n ti ta òun. Àwọn tí ó pè wá kí wọ́n dá ilẹ̀ òun padà fún un ni ó ń bá ọlọ̀tẹ̀ jókòó.

Àárín Bunche àti Lumumba kò dára rí. Bunche ń bínú sí bí Lumumba ṣe ń yí ọ̀rọ̀ padà láti òwúrọ̀ di ìrọ̀lẹ́. Àwọn lẹ́tà tí ó kọ sílé sọ̀rọ̀ burúkú sí i, èyí tí kò bá ìwà pẹ̀lẹ́ tí a mọ̀ ọ́n mọ́ mu. Lumumba ní tirẹ̀ kò rí aláwọ̀ dúdú tí ó jọ òun, ọmọ Amẹ́ríkà ni ó rí. Ní òpin oṣù náà, ó ti rẹ Bunche, ó sì padà sí New York. Ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn náà Kasavubu yọ Lumumba nípò, Ọ̀gágun Joseph Mobutu sì gba ìjọba. Ní ọjọ́ 17 Oṣù Kìíní 1961, wọ́n pa Lumumba ní Katanga, lẹ́yìn tí wọ́n ti mú un nígbà tí ó kúrò nínú ilé tí ọmọ ogun Àjọ ń ṣọ́.

Ikú yìí yí òfin padà. Ní Oṣù Kejì, Ìgbìmọ̀ Ààbò gbà kí ọmọ ogun Àjọ lo ipá, bí kò bá sí ọ̀nà mìíràn, kí ogun abẹ́lé má baà bẹ́ sílẹ̀. Ní Oṣù Kẹsàn-án, ọkọ̀ òfurufú Hammarskjöld já lulẹ̀ nítòsí Ndola nígbà tí ó ń lọ bá Tshombe sọ̀rọ̀. Bunche pàdánù ọ̀gá àti ọ̀rẹ́, ó sì ń bá iṣẹ́ lọ lábẹ́ U Thant tí ó gba ipò náà. Ní Oṣù Kejìlá ọdún kan náà, ó wà ní Kitona nígbà tí Tshombe bá Cyrille Adoula, olórí ìjọba tuntun, ṣe ìpàdé, tí ó sì fọwọ́ sí i pé Katanga jẹ́ ara Kóńgò. Tshombe padà sílé, kò sì mú ọ̀rọ̀ náà ṣẹ. Ọdún kan kọjá lórí àwáwí.

Ní òpin 1962, ọmọ ogun Àjọ bẹ̀rẹ̀ sí í ṣí gbogbo ọ̀nà Katanga sílẹ̀. Àwọn ọmọ Íńdíà sọdá odò Lufira, wọ́n wọ Jadotville, kí àṣẹ New York pé kí wọ́n dúró tó dé ọ̀dọ̀ wọn. U Thant rán Bunche lọ wádìí. Ìdáhùn tí ó mú bọ̀ ni pé ẹ̀rọ ìbánisọ̀rọ̀ àti ètò ìfiránṣẹ́ kò dára tó, kì í ṣe pé àwọn ọ̀gágun náà ṣàìgbọràn. Nínú oṣù náà, Oṣù Kìíní 1963, Tshombe gbà pé ìyapa ti dópin. Ẹni tí kò fẹ́ kí ìbọn dún ní 1960 ni ó wá ṣàlàyé ìbọn tí ó parí ọ̀ràn náà fún ayé.

Nígbà tí ó pọ̀ jù, ọmọ ogun Àjọ ní Kóńgò sún mọ́ 20,000; nǹkan bí 250 nínú àwọn òṣìṣẹ́ àti sójà rẹ̀ ni ó kú síbẹ̀. Nàìjíríà, tí ó gba òmìnira tirẹ̀ ní Oṣù Kẹwàá 1960, rán sójà lọ ní Oṣù Kọkànlá ọdún náà àti ọlọ́pàá pẹ̀lú. Jaja Wachuku ṣe alága ìgbìmọ̀ tí Àjọ rán lọ làjà láàárín àwọn olóṣèlú Kóńgò, J.T.U. Aguiyi-Ironsi sì ni ọ̀gágun ìkẹyìn tí ó darí gbogbo ikọ̀ náà kí wọ́n tó kúrò ní ọjọ́ 30 Oṣù Kẹfà 1964. Wọ́n fi orílẹ̀-èdè kan ṣoṣo sílẹ̀, ṣùgbọ́n ọdún tí ó tẹ̀ lé e ni Mobutu tún gba ìjọba, kò sì sọ̀kalẹ̀ títí di 1997. Ní 1999, ọmọ ogun Àjọ náà tún padà sí Kóńgò.

Àwọn ọdún ìkẹyìn

Kípírọ́sì kò dà bí Kóńgò. Nígbà tí àwọn ọmọ Gíríìkì àti ọmọ Tọ́kì tí ó ń gbé erékùṣù náà dojú ìjà kọ ara wọn, Bunche ni ó bójú tó dídá ikọ̀ tí ó lọ síbẹ̀ ní 1964 sílẹ̀, ikọ̀ tí ó ṣì wà níbẹ̀ di òní. Ó dé Yemen, ó sì ṣiṣẹ́ lórí ìjà Íńdíà àti Pakistan ní 1965.

Ní Amẹ́ríkà, àwọn ọ̀dọ́ aláwọ̀ dúdú kan ń sọ pé ó ti jìnnà jù sí ìjà wọn. Ọ̀rọ̀ náà dùn ún. Ní 1959, ẹgbẹ́ aláfẹsẹ̀tẹnísì kan ní Forest Hills ti kọ ọmọ rẹ̀ sílẹ̀ nítorí àwọ̀ ara. Ó sọ̀rọ̀ níbi ìwọ́de Washington ní 1963. Ní 1965, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé ara rẹ̀ kò yá, ó bá Martin Luther King rìn láti Selma lọ sí Montgomery.

Ìbànújẹ́ rẹ̀ tí ó tóbi jù nínú iṣẹ́ dé ní Oṣù Karùn-ún 1967, nígbà tí Íjíbítì ní kí ikọ̀ tí ó ti dá sílẹ̀ ní 1956 máa lọ. Òfin tí ó kọ fúnra rẹ̀ sọ pé ẹni tí ó gbà wọ́n lè lé wọn. U Thant kó wọn kúrò, ogun sì bẹ́ sílẹ̀ ní ọjọ́ 5 Oṣù Kẹfà. Nígbà yẹn, àtọ̀gbẹ ti ń mú ojú rẹ̀ lọ díẹ̀díẹ̀, Jane ọmọ rẹ̀ sì ti kú ní ọdún tí ó ṣáájú. Ó fẹ́ fẹ̀yìn tì, U Thant bẹ̀ ẹ́ kí ó dúró. Iṣẹ́ ìkẹyìn tí ó yọrí sí rere ni ti Bahrain ní 1970: Iran ń sọ pé òun ni ó ni erékùṣù náà, Àjọ rán ènìyàn lọ bi àwọn ará ibẹ̀ léèrè, wọ́n ní òmìnira ni àwọn fẹ́, Iran sì gbà láìjẹ́ pé ìbọn kan dún.

Ó fi iṣẹ́ sílẹ̀ ní 1971, ó sì kú ní New York ní Oṣù Kejìlá ọdún náà. Itẹ́ òkú Woodlawn ní Bronx ni wọ́n sin ín sí. Ọgbà kékeré kan tí ó wà ní òdìkejì ọ̀nà sí olú ilé-iṣẹ́ Àjọ Ìṣọ̀kan Àgbáyé ní ìlú náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀.